Lórí Ìgbì Ẹ̀fúùfù: Bàbá Olùkọ́ Kan Lókè Àwọn Òkè Skọ́tlándì

Ní àríwá ẹnu odò Forth, ní ilẹ̀ Skọ́tlándì, adágún omi ńlá kan wà tí a ń pè ní Loch Leven. Omi rẹ̀ kò jìn púpọ̀, ṣùgbọ́n ó gbòòrò, erékùṣù kéékèèké sì wà nínú rẹ̀. Lórí ọ̀kan nínú wọn ni àwókù ilé olódi kan dúró sí títí di òní, níbi tí a ti sé Mary, ọbabìnrin Skọ́tlándì, mọ́ ní ọdún 1567, tí ó sì ti sá jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1568. Nígbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ tí ó dà bí pẹ́pẹ́yẹ ńlá a máa fò wá láti erékùṣù Iceland, wọn a sì bà sórí adágún náà. Ní ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀, òkè kan dìde bí ògiri. Bishop Hill ni orúkọ rẹ̀, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 461. Ní ẹsẹ̀ òkè náà ni abúlé Kinnesswood wà, níbi tí a ti bí Michael Bruce, akéwì ọ̀dọ́ tí ó kú ní ọdún 1767 ní ẹni ọdún 21, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé òun ni ó kọ díẹ̀ nínú àwọn orin tí Ìjọ Skọ́tlándì ń lò nínú ìsìn.

Láàrín adágún àti òkè yìí ni pápá Portmoak wà, ibùjókòó ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi gíláídà fò ní Skọ́tlándì. A dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1934, wọ́n sì kó dé Portmoak ní 1957. Ẹ̀yin òǹkàwé wa yóò béèrè pé, Kí ni gíláídà? Ọkọ̀ òfuurufú ni, ṣùgbọ́n kò ní ẹ́ńjìnnì. Apá rẹ̀ gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ara rẹ̀ ń dán bí àwo tánganran. Èyí tí a fi rin ìrìn-àjò tí a fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí, láti ṣóńṣó apá kan dé ṣóńṣó apá kejì jẹ́ mítà 17. Bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ rọ́rọ́, kí ó tó sọ̀kalẹ̀ ní mítà kan, yóò ti lọ síwájú ní nǹkan bí mítà 34. Nítorí náà sísọ̀kalẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ó bá sì fẹ́ gòkè, àfi kí ó wá ibi tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti ń gòkè kíákíá ju bí òun ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Ọgbọ́n àwòdì àti igún nìyí. Ta ni nínú wa tí kò tíì rí igún tí ó ń yí po lókè ọjà ní ọ̀sán gangan, tí kò sì ju apá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń wá ọgbọ́n yìí. Ní 1853, George Cayley, ọlọ́lá kan ní Yorkshire, ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fi ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ sínú rẹ̀ láti fò la àfonífojì kan kọjá. Ìtàn tí ìdílé rẹ̀ sọ ni pé, bí ọkùnrin náà ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kíá ni ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni a gba òun láti máa wà, a kò gba òun láti máa fò. Ní Jámánì, Otto Lilienthal fò lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà kí ó tó ṣubú, tí ó sì kú ní 1896. Ní Skọ́tlándì pẹ̀lú, Percy Pilcher, olùkọ́ kan ní Yunifásítì Glasgow, ṣe gíláídà tirẹ̀ ní 1895, ó sì fi í fò ní Cardross lẹ́bàá odò Clyde; òun náà ṣubú ní ilẹ̀ England ní 1899, ó sì kú. A kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, bí kò ṣe kí a lè mọ̀ pé ohun tí ó rọrùn fún wa lónìí, àwọn kan ni ó fi ẹ̀mí wọn rà á.

Ó ti di ọdún mélòó kan tí àwa ti ń fò ní Portmoak, a sì ti gba àṣẹ láti máa gbé èrò. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan, Bàbá olùkọ́ kan, ọmọ Ìdànrè, wá sí Skọ́tlándì láti kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Dunfermline. Ẹni ọdún 76 ni Bàbá, ó sì ti fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé ní ilé-ìwé gíga ti ìjọ. Nígbà tí a kí ara wa tán lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, tí ó sì gbọ́ irú eré tí àwa ń ṣe, kò béèrè iye owó, kò sì béèrè bí ẹ̀rù ti ń bani tó. Ohun kan ṣoṣo ni ó béèrè: "Ọmọ mi, láti òkè tí o ń lọ yẹn, ǹjẹ́ o máa ń rí Schiehallion?"

Kí ó lè yé yín ìdí tí Bàbá fi béèrè òkè yìí, ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn rẹ̀ ní ṣókí. Schiehallion wà ní àárín gbùngbùn Skọ́tlándì, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1,083. Òun kọ́ ni ó ga jù ní ilẹ̀ náà, nítorí Ben Nevis ga tó mítà 1,345. Ṣùgbọ́n Schiehallion dá dúró gedegbe, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gùn láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ní 1774, Nevil Maskelyne, olórí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lọ́dọ̀ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ gbé lórí òkè náà fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin nínú òjò àti ìkùukùu. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òkè lè fa okùn ìwọ̀n, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń wo ògiri, kúrò ní ìdúró ṣánṣán rẹ̀. Òkè náà sì fà á, ṣùgbọ́n díẹ̀ kínún ni, tí ó fi jẹ́ pé ìràwọ̀ ojú ọ̀run ni ó ní láti fi wọ̀n ọ́n. Láti inú ìwọ̀n yìí ni Charles Hutton ti ṣírò ìwúwo ayé: ó ní ayé wúwo tó ìlọ́po mẹ́rin àti ààbọ̀ omi tí ó bá tóbi bákan náà. Lónìí a mọ̀ pé ìlọ́po márùn-ún àti ààbọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ó ti súnmọ́ òtítọ́ tó, ẹni tí ó fi òkè kan ṣoṣo wọn gbogbo ayé!

Ṣùgbọ́n kí Hutton tó lè ṣe ìṣirò náà, ó ní láti mọ bí òkè ti rí. Àwọn awọnlẹ̀ kó gíga àìmọye ibi wá fún un, nọ́ńbà lórí nọ́ńbà, tí ojú kò lè rí àwòrán kankan nínú wọn. Ó mú lẹ́ẹ̀dì, ó fi ìlà kan so gbogbo ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀, ó tún fi ìlà mìíràn so àwọn tí ó ga jù wọ́n lọ. Lójú ẹsẹ̀, òkè náà yọ lórí ìwé. Hutton wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ó lo irú ìlà bẹ́ẹ̀ láti fi àwòrán òkè hàn. Ọmọ ilé-ìwé èyíkéyìí tí ó ti jókòó ní gbọ̀ngàn ìdánwò, tí máàpù wà níwájú rẹ̀, tí ìlà sì yí po lórí rẹ̀ bí ìkarahun ìgbín, iṣẹ́ ọwọ́ Hutton ni ó ń wò.

Bàbá ti ya ìlà wọ̀nyí sórí pátákó dúdú fún ọdún 31. Gbogbo àwọn tí ó jáde lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àwọn dókítà, àwọn awọnlẹ̀, àwọn àlùfáà, ni ó ti sọ fún pé orí òkè kan tí ń jẹ́ Schiehallion ni ọgbọ́n náà ti wá. Òun fúnra rẹ̀ kò rí i rí. Ọ̀nà ẹsẹ̀ wà tí a lè gbà gùn ún, ṣùgbọ́n orúnkún Bàbá kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó sọ fún wa pé, "Mo ti ṣe ẹlẹ́rìí ohun tí ojú mi kò rí. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, mo fẹ́ kí ojú mi tó o kí n tó padà sílé."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin kò fẹ́. Ó pè wá sí ìkọ̀kọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Màmá ti lọ ní ọdún tí ó kọjá. Bàbá nìkan ni ó kù fún wa. Bí ẹ ti gbé wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ gbé wọn dé." A dáhùn pé a gbọ́. Ẹrù ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju ara Bàbá lọ, a sì gbé e wọ inú ọkọ̀ pẹ̀lú wa.

Ọjọ́ Sátidé ni, ẹ̀fúùfù sì ń fẹ́ gidigidi láti ìwọ̀-oòrùn. Bàbá dé láàárọ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù ńlá, fìlà abetí-ajá sì wà ní orí rẹ̀. Ó yí gíláídà náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹjú mọ́ imú rẹ̀, ó sì béèrè pé:

"Ọmọ mi, ẹ̀rọ rẹ̀ dà?"

"Bàbá, kò ní ẹ̀rọ, sà."

"Kí ni yóò wá gbé wa lọ?"

"Ẹ̀fúùfù ni, sà. Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwòdì ni wọ́n pa òwe yẹn mọ́. Èmi kò hu ìyẹ́."

A wọ àpò agboòrùn ńlá, tí a fi ń bọ́ sílẹ̀ láti òkè bí ewu bá dé, mọ́ ọn lẹ́yìn. A fi ìgbànú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dè é mọ́ ìjókòó. A sì fi àwọn aago tí ó wà níwájú rẹ̀ hàn án, èyí tí ń sọ bí a ti ga tó, èyí tí ń sọ bí a ti ń yára tó, àti èyí tí ń sọ bóyá a ń gòkè tàbí a ń sọ̀kalẹ̀. A fi fọ́nrán òwú pupa kan tí a lẹ̀ mọ́ gíláàsì níta hàn án pẹ̀lú. Bí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà, òwú yìí a nà gbọọrọ, bí ó bá sì ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, òwú náà a yà. Inú Bàbá dùn sí i ju gbogbo aago lọ. Ó ní, "Okùn ìwọ̀n ti Maskelyne nìyí." Èrò ni ó máa ń jókòó níwájú nínú irú ọkọ̀ yìí, awakọ̀ a sì wà lẹ́yìn, nítorí náà etí fìlà Bàbá ni a ó máa rí jálẹ̀ ìrìn-àjò náà.

Kí a tó ti gíláàsì pa, a bá Bàbá dá májẹ̀mú kan. A ní nígbàkígbà tí ó bá sọ pé ó tó, a ó yí padà láìbéèrè ìdí. Nígbàkígbà tí àwa náà bá sì sọ pé ó tó, kí òun náà má béèrè. Bàbá ní, "Mo gbà."

Ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan tí ó ní ẹ́ńjìnnì ni ó fi okùn fà wá gòkè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan di ṣóńṣó apá wa mú, ó bá wa sáré ìṣísẹ̀ díẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ sì fi wá sílẹ̀. Nígbà tí a ga tó 3,000 ẹsẹ̀ bàtà lókè Bishop Hill, a sọ fún Bàbá pé kí ó fa bọ́tìnnì ofeefee tí ó wà lápá òsì rẹ̀. Ó fà á. Okùn já bọ́ lọ́wọ́ wa, ọkọ̀ tí ó fà wá yà sí òsì, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ. Ariwo dópin. Ohun tí ó kù kò ju ìró afẹ́fẹ́ lára gíláàsì lọ, bí ìgbà tí ènìyàn ń mí lójú oorun. Bàbá kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "A kò ṣubú." A ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. A kò ṣubú."

Nísinsìnyí a gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó gbé wa dúró. Ẹ wo odò tí ń ṣàn lórí òkúta. Omi náà gun òkúta, ó sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Ó tún dìde, ó tún sọ̀kalẹ̀, ní ìgbì lẹ́yìn ìgbì, àwọn ìgbì wọ̀nyí kò sì kúrò lójú kan bí omi tilẹ̀ ń ṣàn kọjá nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀fúùfù ń ṣe nígbà tí ó bá fẹ́ kọjá lórí ọ̀wọ́ òkè. Lẹ́yìn òkè ni ó ti ń jó, ìgbì rẹ̀ sì lè ga ní ìlọ́po púpọ̀ ju òkè tí ó bí i lọ. Ní 1933 ni Wolf Hirth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ gun irú ìgbì yìí, lẹ́bàá àwọn òkè Riesengebirge ní ààlà Jámánì ti ìgbà náà. Ojú kò lè rí ìgbì náà, ṣùgbọ́n àwọsánmà a máa fi í hàn: àwọsánmà tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí etí rẹ̀ dán bí àwo tí a dojú rẹ̀ dé, tí kò sì kúrò níbi tí ó wà bí ẹ̀fúùfù tilẹ̀ ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá. Ní abẹ́ ìgbì tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ yìí, afẹ́fẹ́ mìíràn wà tí ń yí bíríbírí, tí ń da ọkọ̀ rú; ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ dé òkè ní láti gba ibẹ̀ kọjá.

Ó gbọ̀n wá bí ẹni ń gbọ̀n ajọ̀. Bàbá di ìgbànú rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. A béèrè bóyá kí a padà. Ó mi orí, etí fìlà rẹ̀ sì mì pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, bí ẹni pé a ti ilẹ̀kùn pa mọ́ ariwo ọjà, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ọkọ̀ kò mì mọ́ rárá. Abẹ́rẹ́ aago fi hàn pé a ń gòkè ní 400 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ bí ẹni jókòó sórí àga ní yàrá àlejò ni ó rí lára. A kọjá 5,000, a kọjá 7,000. Ní 9,000 ẹsẹ̀ bàtà, oòrùn ń tàn sórí àwọsánmà lábẹ́ wa, ó sì funfun tó òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n.

Láàrín àwọsánmà ni a ti ń rí ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ojú fèrèsé. Ní gúúsù, àwọn afárá tí ó la omi Forth kọjá wà bí àwọn ìgànná tín-ín-rín, èyí tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà láti 1890 sì pupa láàrín wọn. Ní àríwá ìlà-oòrùn, omi Tay ń dán, ìlú Dundee sì wà ní etí rẹ̀. A fi ìlú náà han Bàbá, nítorí níbẹ̀ ni Mary Slessor ti ṣiṣẹ́ nínú ilé ìhunṣọ nígbà tí ó wà lọ́mọdé, kí ó tó lọ sí Calabar ní 1876, níbi tí ó ti sìn títí ó fi kú ní 1915. Bàbá wo ìlú náà títí. Ó ní, "Láti ibí yìí, ó kéré tó ohun tí ọwọ́ lè bò. Ìránṣẹ́ kan jáde nínú rẹ̀, ó sì tó fún wa."

A kọ imú ọkọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, sínú ẹ̀fúùfù. Láti ìgbì kan dé èkejì, ọkọ̀ a kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ gidigidi, a tún gòkè. Bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè ni, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti wí. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 50, a dé òkè ìlú Crieff, níbi tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ti dópin tí àwọn òkè ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Níwájú wa lápá ọ̀tún, adágún Tay nà bí idà. Ben Lawers, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1,214, wà lẹ́bàá rẹ̀, òjò dídì tí ó kọ́kọ́ bọ́ ní ọdún náà sì wà ní orí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ní àríwá, àwọsánmà pínyà, oòrùn sì bọ́ sórí òkè kan tí ó dá dúró, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn.

A ní, "Bàbá, Schiehallion nìyẹn."

Kò dáhùn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ a rí i tí ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, tí ó sì ń fi ìka ya ìlà sí ojú gíláàsì, ìlà kan lórí òmíràn, láti ẹsẹ̀ òkè náà dé orí rẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn tí a mọ̀ pé àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ yóò ti mọ̀: "Bí àwọn ìlà bá súnmọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí, kí ni ó túmọ̀ sí?"

A ní, "Ibẹ̀ ga gàgàrà, sà, kò rọrùn láti gùn."

"Bí wọ́n bá jìnnà sí ara wọn ńkọ́?"

"Ilẹ̀ ibẹ̀ rọra dagẹ̀rẹ̀ ni, sà."

"Ó dára. Jókòó."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, nítorí pé a ti jókòó láti ọjọ́ yìí.

Òkè náà ṣì jìnnà sí wa ní nǹkan bí kìlómítà 37. Ìgbì mìíràn wà níwájú, tí ó fi ara hàn kedere, gíga wa sì tó láti dé ibẹ̀. Bàbá ní, "Ọmọ mi, ó kù díẹ̀. Jẹ́ kí a súnmọ́ ọn, kí n rí ibi tí ahéré Maskelyne wà." Ohùn rẹ̀ dà bí ti ọmọdé. A bojú wẹ̀yìn, sí ìhà Loch Leven tí a ti wá. Àwọn fèrèsé tí a gbà gòkè ti ń dín kù. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ sí i nínú afẹ́fẹ́, àwọsánmà a máa pàdé lábẹ́ ọkọ̀, ẹni tí ó wà lókè kò sì ní rí ilẹ̀ mọ́. Òkè wà nínú àwọsánmà yẹn pẹ̀lú, òkè kì í sì í yà fún ọkọ̀. A ka àwọn ojú ìhò tí ó kù láti ibi tí a wà dé ilé: márùn-ún ni. Nígbà tí a tún kà wọ́n, wọ́n ti di mẹ́rin.

Ẹ̀yin tí a tọ́ ní ilé Yorùbá yóò mọ bí ó ti rí, kí àgbà bẹni ní ohun kan, kí ohun náà sì jẹ́ èyí tí ó ti ń retí láti ìgbà èwe rẹ̀, kí ọ̀dọ́ sì sọ pé rárá. Bí a bá lọ, ó ṣeé ṣe kí a dé, kí a sì bọ̀ láìfarapa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa nìkan ni ẹ̀mí tí a ó fi dán an wò. A rántí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà ní ìkọ̀kọ̀. A ní, "Bàbá, ó tó, sà."

Ó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà gùn lójú wa. Kò béèrè ìdí. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi juwọ́ sí òkè náà gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ń juwọ́ sí ará ilé ní ibùdókọ̀, a sì yí padà.

Ẹ̀fúùfù wà lẹ́yìn wa nísinsìnyí, ilẹ̀ sì ń sáré lábẹ́ wa. Ṣùgbọ́n láàrín ìgbì àti ìgbì, afẹ́fẹ́ tí ń sọ̀kalẹ̀ gbá wa mú. Abẹ́rẹ́ aago wálẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, a sì ń pàdánù 1,000 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kan. Òfin ibẹ̀ ni pé kí a máa sáré sí i, nítorí ẹni tí ó bá lọ́ra nínú afẹ́fẹ́ tí ń rì yóò pẹ́ nínú rẹ̀. A ti imú ọkọ̀ sílẹ̀. Ní 6,000 ẹsẹ̀ bàtà, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí ka Sáàmù kọkànlélọ́gọ́fà jẹ́ẹ́jẹ́, èyí tí ó sọ̀rọ̀ nípa gbígbé ojú sókè sí àwọn òkè. Ní 5,000, ìgbì gbé wa dúró lẹ́ẹ̀kan sí i, omi Loch Leven sì yọ nínú fèrèsé kan ṣoṣo tí ó kù ní ìhà ibẹ̀. A gba inú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ní yíyípo, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ tún gbọ̀n wá, àwọn ẹyẹ ilẹ̀ Iceland sì wà lójú omi bí ọkà tí a dà sílẹ̀. Nígbà tí a wo òkè wa, fèrèsé náà ti pa dé.

A balẹ̀ lórí koríko ní Portmoak lẹ́yìn wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 10 tí a ti kúrò níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà dúró ní ẹ̀bá pápá. Kò sáré, ṣùgbọ́n a rí i tí ó ń nu ojú. A ṣí gíláàsì, a sì dọ̀bálẹ̀ lórí koríko tútù, a ní, "Bàbá, ẹ má bínú pé a kò mú yín dé ibẹ̀."

Bàbá fà wá dìde. Ó ní, "Èwo ni kí n bínú? Ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ ni àgbà nínú ọkọ̀. Ká ní o gbà fún mi ni, mi ò bá ti bínú sí ọ tí mo bá rí ojú ọmọ mi yìí."

Láti ọjọ́ náà, a ti kà nípa àwọn tí ó gun ìgbì tí ó ga ju tiwa lọ fíìfíì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, àwọn ọkùnrin méjì fi gíláídà kan tí ń jẹ́ Perlan 2 gun ìgbì àwọn òkè Andes ní ilẹ̀ Argentina, wọ́n sì ga ju 76,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, láìsí ẹ́ńjìnnì kankan nínú ọkọ̀ wọn. Gíga tiwa kò tó ìdá mẹ́jọ ìyẹn. Síbẹ̀ a kò fi í ṣe pàṣípààrọ̀.

Bàbá padà sí ilé ṣáájú ọdún Kérésìmesì. Ní oṣù kejì, lẹ́tà rẹ̀ dé. Ó sọ pé ilé-ìwé tí òun ti fẹ̀yìn tì bẹ òun láti wá bá àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin sọ̀rọ̀, òun sì lọ. Tẹ́lẹ̀ rí, ìlà ni òun máa ń kọ́kọ́ yà sórí pátákó, tí òun á sì sọ fún àwọn ọmọ pé òkè ni. Ní ọjọ́ náà, òun kọ́kọ́ ya òkè, gẹ́gẹ́ bí ojú òun ti rí i pẹ̀lú oòrùn lórí rẹ̀, òun sì ní kí àwọn ọmọ fúnra wọn wá fi ẹfun ya ìlà sí i. Ọmọbìnrin kékeré kan béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó ti súnmọ́ òkè náà tó. Ó kọ̀wé pé òun dá a lóhùn pé, "Kìlómítà 37, ó sì tó."